Owó àlejò nínú ìlàjà onílé

Pátákó ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ ti rí i rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀rọ tàbí lẹ́nu géètì ilé-ìwòsàn: àsíá búlúù oníràwọ̀ méjìlá ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tàbí ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú tí USAID, iléeṣẹ́ ìrànwọ́ òkèèrè Amẹ́ríkà, fi ṣe àmì. Nílẹ̀ Èkìtì, omi ni ọ̀pọ̀ pátákó bẹ́ẹ̀ ń sọ, tàbí ìlera, tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láti Adó dé Òmùò, mi ò tíì rí ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìlàjà sí.

Níbòmíràn, ìlàjà gan-an ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Owó òkèèrè kan wà tí kì í ṣe ti oúnjẹ, tí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn tó ti gbé ìbọn kọjú sí ara wọn ni wọ́n ń ná an lé lórí, kí wọ́n lè tún jọ ná ọjà kan náà, kí ọmọ wọn lè jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́, kí ìlú méjì tàbí orílẹ̀-èdè méjì lè jọ máa bójú tó odò àti ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Owó yìí kéré nínú gbogbo owó ìrànwọ́ ayé, òun sì ni wọ́n máa ń tètè gé nígbà tí ọwọ́ bá wọ́n.

Ọwọ́ sì ti wọ́n. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọjọ́ tí Donald Trump padà sípò, ó buwọ́ lu àṣẹ pé kí ìrànwọ́ òkèèrè Amẹ́ríkà dúró fún 90 ọjọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, Marco Rubio tó jẹ́ ọ̀gá ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn kéde pé àwọn ti fagi lé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ USAID. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, iléeṣẹ́ tí Ààrẹ Kennedy dá sílẹ̀ ní 1961 yìí kógbá wọlé, wọ́n sì kó ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ti sọ lóṣù kejì ọdún yẹn pé ìrànwọ́ àwọn yóò wálẹ̀ láti ìdá 0.5 sí ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn tó bá máa fi di 2027. Ètò ààbò ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ná ìyókù lé lórí.

Nínú ariwo tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ oògùn HIV àti oúnjẹ ọmọdé ló pọ̀ jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tí kò rí oògùn lò kò lè ní kí àìsàn dúró de òun. Ti ìlàjà ni ẹnu ò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Adó tiẹ̀ bi mí pé kí ló kàn wá níbẹ̀, ṣé ogun ń jà ní Èkìtì ni? Ìbéèrè rẹ̀ dáa. Kí n tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gun òkè kan láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ọjọ́ tí wọ́n dáná sun àgọ́

Gbogbo ọmọ Èkìtì ló mọ Kírìjì, ó kéré tán wọ́n mọ ohùn ìbọn ńlá tó bí orúkọ náà. Ogun ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn wà lápá kan; Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó gbè wọ́n lẹ́yìn wà lápá kejì, wọ́n ń pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fi ń jẹ aráàlú ló mú Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí gbé idà, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà ló sì wá di olórí ogun. Èyí tí a kì í sábà sọ ni pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó ló ń bá wọn wá ìbọn òyìnbó ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìrànwọ́ àkọ́kọ́ tó ti ẹ̀yìn odi wá bá ogun náà, ìbọn ni, àwọn ọmọ wa ló sì fi ránṣẹ́.

Ìlàjà pẹ́ kó tó dé. Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú ò rí i ṣe, torí kò sí ẹni tí ìhà méjèèjì gbà pé kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní 1886, Gómìnà Moloney ti Èkó rán àwọn àlùfáà Áńgílíkà méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀kan lọ sí àgọ́ Ìbàdàn, èkejì lọ sí àgọ́ Èkìtì. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ, wọ́n fẹsẹ̀ rìn bọ̀, títí wọ́n fi rí ìwé kan tí gbogbo wọn lè fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, wọ́n kéde àlàáfíà lójú ogun, àwọn ọmọ ogun túká, wọ́n sì dáná sun àgọ́ tí àwọn kan ti bímọ sí.

Kì í ṣe torí Ọlọ́run nìkan ni ìjọba Èkó fi ṣe é. Ogun ti di ọ̀nà ọjà pa, epo pupa àti èkùrọ́ kò dé etí òkun bó ṣe yẹ. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1893, Gómìnà Carter wá fúnra rẹ̀, nígbà tó sì fi máa parí ìrìn àjò rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá ti bọ́ sábẹ́ ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá wa parí ìjà ló kó ilé lọ.

Àwọn ìlà inú ìwé àdéhùn yẹn tọ́ kà lónìí. Ìbàdàn gbà pé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe ẹrú òun mọ́. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ lè kó kúrò. Modákẹ́kẹ́ ní láti ṣí kúrò ní Ifẹ̀. Ìlọrin kò tiẹ̀ bá wọn parí ìjà, wọ́n ṣì ń bá a lọ ní Ọ̀fà. Èyí tó sọ nípa Modákẹ́kẹ́, àwọn tó kan kò fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tó lágbára láti mú un ṣẹ nígbà yẹn. Ẹ fi ìlà yìí sọ́kàn, a óò tún padà dé ibẹ̀.

Ẹ jọ wá kí ẹ tó gbà

Ètò tó sọ owó ìlàjà di nǹkan ńlá láyé ni ti Marshall. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1947, George Marshall tó jẹ́ ọ̀gá ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Harvard. Yúróòpù ti di àlàpà. Ó ní Amẹ́ríkà yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Yúróòpù ni kó kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n nílò. Orílẹ̀-èdè 16 ló jókòó, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì náà sì wọlé lẹ́yìn. Láti 1948 sí 1952, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là ló gba ọ̀nà yẹn wọlé.

Iye owó náà pọ̀, àmọ́ májẹ̀mú inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ méjì ń jà lè fún oníkálukú ní owó tirẹ̀. Wọ́n á gbà á, ìjà ò sì ní tán. Tó bá ní ìwé kan ṣoṣo lòun fẹ́ rí, kí àwọn méjèèjì jọ kọ ọ́, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i, wọ́n á kọ́kọ́ bára wọn sọ̀rọ̀ nítorí owó. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á mọ́ wọn lẹ́nu. Ní 1950, Faransé, tí Jámánì ti gbógun wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín àádọ́rin ọdún, ló dábàá pé kí èédú àti irin àwọn méjèèjì bọ́ sábẹ́ àṣẹ kan náà. Ní 1951, orílẹ̀-èdè mẹ́fà tọwọ́ bọ ìwé lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí à ń rí àsíá rẹ̀ lára kànga wa.

Jámánì fi owó Marshall ṣe nǹkan kan tí ìyálọ́jà Ọjà Ọba kan kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ̀ kó tó yé e. Ẹni tó bá gba ọjà Amẹ́ríkà níbẹ̀ máa ń san owó rẹ̀ ní owó Jámánì sínú àpò kan nílé. Àpò náà ni báńkì kan tí wọ́n ń pè ní KfW, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ń yá àwọn oníléeṣẹ́. Wọ́n ń san án padà, ó tún ń yá ẹlòmíràn. Báńkì náà ṣì wà títí di òní, ó ti wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń yá ilẹ̀ Áfíríkà lówó. Àjọ tí kò fọ́ láti 1948.

Amẹ́ríkà kò ṣe é lásán o. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ra ọjà wọn, wọn ò sì fẹ́ kí Sófíẹ́ètì gba ìyókù Yúróòpù. Ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè, ojú olúwa rẹ̀ sì ń rí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti lo irú owó yìí pẹ̀lú sùúrù, Àríwá Áyálándì, apá erékùsù Áyálándì tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni n óò mú. Ìjà ibẹ̀ tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì pa bí ènìyàn 3,500. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, Jésù kan náà ni wọ́n ń sìn, ṣọ́ọ̀ṣì ló yàtọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ọba tí wọn yóò máa sìn ni. Ní 1986, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Áyálándì dá owó kan sílẹ̀ fún ìrẹ́pọ̀ ẹkùn náà. Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand àti Yúróòpù ń dá sí i. Ìbọn ṣì ń dún nígbà yẹn. Ní 1995, lẹ́yìn tí àwọn ológun abẹ́lé ti ní àwọn dáwọ́ dúró, Yúróòpù gbé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PEACE kalẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà fúnra rẹ̀ kò dé títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 1998.

Ohun tó wù mí jù nínú ètò PEACE ni ọ́fíìsì tó ń pín owó rẹ̀. Àdéhùn 1998 ló bí i, ìjọba ìhà méjèèjì ààlà ló sì jọ ni ín. Púpọ̀ nínú owó náà, ẹ kò lè gbà á bí ẹ kò bá rí ẹnìkejì lódì kejì ààlà, tàbí láti inú ìjọ kejì, tí ẹ jọ máa ṣiṣẹ́. Wọ́n fi lára rẹ̀ kọ́ afárá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí odò Foyle, tí wọ́n ṣí ní 2011. Púpọ̀ àwọn tó wà ní bèbè kan jẹ́ Kátólíìkì, púpọ̀ àwọn tó wà ní bèbè kejì jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí orúkọ ìlú tí afárá náà wà: àwọn kan ń pè é ní Derry, àwọn kan ní Londonderry. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gba orí afárá kan náà kọjá.

Kí n má sì fi adùn ṣe àdánù, àwọn ògiri gíga tí wọ́n mọ láàárín àdúgbò ìjọ méjèèjì ní Belfast ṣì dúró. Òmíràn nínú wọn, lẹ́yìn 1998 ni wọ́n mọ ọ́n. Síbẹ̀ owó ò dáwọ́ dúró. Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n ṣì jọ ń dá owó PEACEPLUS ti 2021 sí 2027, tó lé ní bílíọ̀nù kan yúrò. Ẹ ka ọdún rẹ̀ láti 1986: ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí owó àkọ́kọ́ dé ti lè ní ọmọ tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún mẹ́ta, ó pẹ́ tán ọdún márùn-ún, ètò ìlàjà ti parí, wọ́n ti kó ọkọ̀ lọ, pátákó ló kù.

Ẹkún ẹ̀yìn ìlàjà

Ní Sierra Leone, ogun abẹ́lé jà láti 1991 sí 2002. Nígbà tó tán, ẹni tó gé ọwọ́ àti ẹni tí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ padà sí abúlé kan náà. Ní 2007, ètò kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fambul Tok, èyí tó túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹbí lédè Krio. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló ń darí rẹ̀, àjọ aláàánú kan ní Amẹ́ríkà ló ń ná owó sí i. Wọ́n á dá iná lálẹ́, abúlé á pé jọ, ẹni tó ṣebi á jẹ́wọ́, ẹni tí wọ́n ṣe é sí á sọ tẹnu rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dárí jì á dárí jì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ṣe ètùtù fún àwọn baba ńlá.

Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé iṣẹ́ yìí ní abúlé 200, àwọn kan tí wọ́n ti ṣe é, àwọn kan tí wọn kò tíì ṣe é. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2016 yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lajà mọ̀ ọ́n. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìdáríjì pọ̀ sí i, ọ̀rẹ́ pọ̀ sí i, àwọn ènìyàn ń dá owó, wọ́n ń fi agbára ṣiṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n ọkàn àwọn kan náà yìí túbọ̀ bàjẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀, ìpayà pọ̀, àlá burúkú ogun padà wá, kò sì tètè lọ. Ìlú rí àlàáfíà, ẹni tó wà nínú ìlú ló san owó rẹ̀.

Mo ronú lórí èyí fún ìgbà pípẹ́, torí bí àwa náà ṣe ń parí ìjà nìyẹn. Àgbà á pe ìhà méjèèjì, obì á là, wọ́n á ní ó ti tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ mọ́. Opó á dìde, á dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún àgbà, á sì padà sínú yàrá òfìfo. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Owó tó tọ́jú ìpàdé tí kò tọ́jú opó, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe.

Owó tí a kọ̀, owó tí a gbà

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Adó mọ pápá Fájuyì. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, ni gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí wọ́n wá mú Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ àlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ọdún kan kò tíì pé, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù keje 1967.

Nígbà tí ogun náà parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970, Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ó ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé: ó kọ ìrànwọ́ àwọn orílẹ̀-èdè àti àjọ ìjọ tó ti gbè sẹ́yìn Biafra. Kí wọ́n máa gbé owó wọn lọ. Ìgbéraga wà nínú rẹ̀, ebi sì pa àwọn kan nítorí rẹ̀, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé 20 pọ́ùn ni wọ́n ń san fún ẹni tó ní owó ní báńkì lápá ibẹ̀, iye yòówù tó ní. Mi ò lè gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n láti inú ìgbà yẹn náà ni ètò ìlàjà tó tíì pẹ́ jù ní Nàìjíríà ti jáde, owó tiwa la sì fi dá a sílẹ̀: ètò àwọn agùnbánirọ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1973. Ọmọ Ènúgù tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún iyán ní Ìkẹ́rẹ́, tó sì wá fẹ́ ọmọ ibẹ̀, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òtẹ́ẹ̀lì tó lè ṣe irú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn òbí wá ń sáré kiri báyìí kí wọ́n má bàa rán ọmọ wọn jìnnà sílé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ìlà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ohun tí ìwé 1886 sọ nípa Modákẹ́kẹ́ tí kò ṣẹ, ó dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ bí iná abẹ́ eérú. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ bẹ́ ní 1981. Ó tún bẹ́ ní 1997 lórí ibi tí oríléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan yóò wà, kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. Ilé jó, ènìyàn kú, ọ̀rẹ́ dọ̀tá. Nínú àwọn tó ná owó sí ìlàjà nígbà náà ni USAID, nípasẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní OTI, tó wá sí Nàìjíríà lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé ní 1999. Wọ́n kó ọ̀dọ́ àti àgbà ìlú méjèèjì jọ, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń yanjú aáwọ̀. Ọdún 114 lẹ́yìn tí àlejò kan kọ ìlà kan sínú ìwé, àlejò mìíràn ń sanwó kí iná ìlà náà lè kú. Ogun gbangba irú ti ìgbà yẹn kò tún wáyé. Mi ò rò pé owó USAID nìkan ló ṣe é, ó ti rẹ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rẹ̀ náà nílò ibi tí yóò jókòó sí.

Ibi tí owó yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí ni mo máa ń rí: àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Ní Kàdúná, Ìmáàmù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti 1995, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìjà 1992 ti gba ọwọ́ ọ̀tún pásítọ̀, ó sì pa olùkọ́ ìmáàmù àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi máa gbé owó ńlá lé wọn lọ́wọ́ ní 2012, wọ́n ti ní ọdún mẹ́tàdínlógún nídìí iṣẹ́ náà. Ibi tó jẹ́ pé owó ló kọ́kọ́ dé, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní dárúkọ àjọ tó pè é. Àlàáfíà ni àkọlé ara ògiri. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, lórí owó ọkọ̀ ni.

Ìdí tí owó fi ń tán lójú ọ̀nà kò le láti mọ̀. Ìjọba òkèèrè á gbé e fún agbaṣẹ́ṣe ńlá kan nílùú wọn, ìyẹn á mú owó iṣẹ́ tirẹ̀, á gbé e fún àjọ kan ní Àbújá, àjọ Àbújá á yá ilé, á ra ọkọ̀, á gbé ìyókù fún ẹgbẹ́ kékeré kan nílùú tí ìjà wà. Ẹgbẹ́ kékeré yẹn ló mọ ilé baálẹ̀.

Ẹgbẹ́ Adágún Ṣáàdì náà yẹ ká mẹ́nu bà. Nàìjíríà, Niger, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù ló dá a sílẹ̀ ní 1964 nítorí omi. Boko Haram ló sọ ọ́ di ẹgbẹ́ ààbò àti ìlàjà. Ní 2018, wọ́n jọ gba ètò kan wọlé láti tún ẹkùn náà ṣe, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Sweden àti Yúróòpù sì wà lára àwọn tó ń dáwó sí i. Májẹ̀mú Marshall náà ló tún wà níbẹ̀: ẹ jọ wá. Àmọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 1975. Ìjókòó tí owó tẹ́ kalẹ̀, ìbínú olóṣèlú lè dà á nù lọ́jọ́ kan.

Ààlà àríwá wa

Mo lè wá dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Ní oṣù karùn-ún 2016, àwọn darandaran kọlu Òkè-Àkò, wọ́n pa ènìyàn méjì. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, Gómìnà Fáyóṣé fọwọ́ sí òfin tó ká ìfẹran-jẹko lọ́wọ́ kò. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní 2024, wọ́n pa ọba méjì, ọba Ìmòjò àti ọba Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà lápá Òkè-Àkò kan náà. Ọba kẹta sá àsálà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹmùré. Àwọn ọmọ padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Awakọ̀ wọn kò padà.

Owó òkèèrè tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù ní Èkìtì ni ti Báńkì Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní L-PRES, lórí ẹran ọ̀sìn. Ó tó mílíọ̀nù 500 dọ́là fún gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, Èkìtì sì jẹ́ ọ̀kan. Apá kan nínú rẹ̀ wà fún dídá ìjà àgbẹ̀ àti darandaran dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀bùn o. Gbèsè ni, àwọn ọmọ wa ni yóò san án, nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé rẹ̀ ju bí a ṣe ń béèrè ti ẹ̀bùn lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi ohun tí kí wọ́n fi ṣe, n óò ní kí wọ́n má fún Èkìtì nìkan. Igbó tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ìkọ̀lé kò mọ̀ pé òun ti dé Kwara tàbí Kogi. Kí àgbẹ̀ àti darandaran láti ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọ ìwé kan. Kí omi ẹran àti ọ̀nà ẹran wà níbi tí gbogbo wọn fẹnu kò sí. Kí ọdẹ Òmùò ní nọ́ńbà ọdẹ apá Kàbà lórí fóònù rẹ̀, kí wọ́n sì máa pàdé lóṣooṣù bóyá àlejò wá tàbí kò wá. Kò gba bílíọ̀nù. Owó tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ń ná lórí ìpàdé kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkù nígbà ìsìn, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Èrúkù wà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ni Èkìtì, Yorùbá sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Òfin tó dá Àmọ̀tẹ́kùn tiwa sílẹ̀ kò kọjá ààlà ìpínlẹ̀ wa. Ọkọ̀ wọn á dé bèbè igbó náà, á yípadà sí Ìkọ̀lé.